Bọ́ǹdì Èkó: Ta ló bi Muṣin, Yábà àti Súrùlérè léèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń fẹ́?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tún ti lọ yá owó. Ní ìparí ọdún 2025, wọ́n gbé bọ́ǹdì ₦200 bílíọ̀nù sórí ọjà, wọ́n sì fi òmíràn tí wọ́n pè ní bọ́ǹdì aláwọ̀ ewé lé e, ₦14.8 bílíọ̀nù, èyí tó wà fún iṣẹ́ àyíká. Àwọn olówó sáré sí i débi pé owó tí wọ́n gbé wá ju èyí tí ìjọba ń wá lọ. Inú Aláùsá dùn, inú àwọn bánkì náà dùn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dúró sí Ojúẹlẹ́gba, tàbí Ìdí-Òrò, tàbí Ìwáyà, tẹ́ ẹ wá bi èèyàn mẹ́wàá pé kí ni wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe ládùúgbò yín, mi ò rò pé ẹ máa rí ẹyọ ẹnì kan tó máa lè dá yín lóhùn.

Ohun tá a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Kì í ṣe bóyá gbèsè dáa tàbí kò dáa, ìyẹn ti sú wa gbọ́. Èyí tó kàn wá ni pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yáwó lórúkọ wa, ta ló ń yan ohun tí owó náà máa ṣe, ibo ló ti ń yàn án, ta ló sì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti gbọ́ "bọ́ǹdì" báyìí, á ní ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé nìyẹn. Bọ́ǹdì ò ju ìwé gbèsè lọ. Ìjọba á gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ní in, á fún wọn níwèé pé lẹ́yìn ọdún méje tàbí mẹ́wàá òun á ti san owó wọn tán, kó tó dìgbà náà òun á máa san èlé. Ní 2002, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, ₦15 bílíọ̀nù ni Èkó gbà lọ́nà yìí. Fáṣọlá gba ₦50 bílíọ̀nù ní 2009 pẹ̀lú èlé ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tún padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kúrò: 2010, 2012 àti 2013. Àḿbọ̀dé náà gba tiẹ̀, èlé èyí tó gbà ní 2016 sì tó ìdá 16.5. Sanwó-Olú gba ₦100 bílíọ̀nù ní 2020, ó gba ₦137.3 bílíọ̀nù ní 2021, kó tó wá kan ti 2025 yìí. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, kò sí èyí tó jẹ gbèsè tó Èkó, yálà gbèsè abẹ́lé ni tàbí ti òkè òkun. Lóòótọ́, kò sí èyí tó ń pa owó wọlé tó Èkó náà.

Ẹ bá mi ṣírò ọ̀kan péré. ₦137.3 bílíọ̀nù ti 2021 yẹn, ìdá 13 ni èlé rẹ̀. Èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦18 bílíọ̀nù. Kò sẹ́ni tó máa wá kan ilẹ̀kùn yín láti gbà á. Inú owó orí tẹ́ ẹ ń san àti owó yòókù tí ìpínlẹ̀ ń pa wọlé ni wọ́n ti ń yọ apá kan sọ́tọ̀, tí wọ́n ń kó o sínú àkáǹtì tí wọ́n fi ń san gbèsè, kí wọ́n tó ná ìyókù. Lọ́jọ́ tí owó bá wọ́n, gọ́tà ló máa dúró de ẹni tó ra bọ́ǹdì. Ẹni tó ra bọ́ǹdì ò ní dúró de gọ́tà.

Ohun kan tiẹ̀ wà nínú ẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lára àwọn tó ń ra irú bọ́ǹdì yìí jù ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Ìyẹn ni pé tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní Súrùlérè, tí wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù rẹ̀, ó lè jẹ́ owó tiẹ̀ gan-an ni ìjọba yá. Òun náà ló tún ń san owó orí tí wọ́n fi ń san gbèsè yẹn. Tíṣà yìí yáni lówó, ó tún ń bá wọn san án, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í pé kí lẹ fẹ́ ká fi ṣe.

Níbòmíràn, wọ́n máa ń bi í. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ìjọba ìlú tàbí àjọ ilé ìwé tó ta bọ́ǹdì tó jẹ́ pé owó orí ará ìlú ló máa san án, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e síwájú ará ìlú kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Referendum ni wọ́n ń pe irú ìdìbò bẹ́ẹ̀. Kí ìwé ìdìbò tó jáde, àwọn aláṣẹ á ti jókòó, wọ́n á ti bára wọn fà á dáadáa: ṣé ilé iṣẹ́ panápaná ni ká kọ́kọ́ tún ṣe ni, àbí ọgbà ìṣeré, àbí ilé ìkàwé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Houston lè bi wọ́n. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba ìlú yẹn ò kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n pín in: ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti panápaná lọ́tọ̀, ọgbà ìṣeré lọ́tọ̀, ilé ìkàwé lọ́tọ̀, kí oníkálukú lè sọ pé èyí ni mo fẹ́, èyí ni mi ò fẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ò béèrè irú ìdìbò bẹ́ẹ̀. Gómìnà á kọ lẹ́tà sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, wọ́n á kà á fún ilé, wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ kékeré, wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló máa kan SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, àti DMO tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ gbèsè. Ẹ kíyè sí ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo wọn: ṣé Èkó lè san án? Ìbéèrè tó dáa ni, ẹni tó ń yáni lówó gbọ́dọ̀ béèrè ẹ̀. Àmọ́ kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè bóyá ohun tí Muṣin nílò jù nìyí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣe irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira. Ní July 13, 1963, àwọn èèyàn Benin àti Delta dìbò láti kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn kí wọ́n lè dá ẹkùn Mid-West tiwọn sílẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ibẹ̀ yẹn náà ni bọ́ǹdì ìpínlẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà. Nígbà tí ibẹ̀ ti di Ìpínlẹ̀ Bendel, ní 1978, wọ́n gba ₦20 mílíọ̀nù. Ìjọba ológun ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ẹ mọ̀ pé àwọn sójà kì í bi èèyàn léèrè. Ìyẹn ni pé àwọn tí wọ́n bi léèrè bóyá wọ́n fẹ́ ní ẹkùn tiwọn, nígbà tó kan ọ̀rọ̀ gbèsè, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Àwọn bàbá wa ní Èkó níbí náà ti bá òyìnbó fa irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, tí wọ́n sì fẹ́ kí ará ìlú máa san owó omi, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti takò ó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Èkó ń sọ nígbà náà ò le: kànga wa tó wa lò, àwọn òyìnbó ló fẹ́ omi ẹ̀rọ, kí ló dé tó fi jẹ́ àwa la máa sanwó? Nígbà tó máa di 1916, ọ̀rọ̀ owó omi ti mú ìlú gbóná. Lójú tèmi, wọn ò tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ omi, torí omi tó mọ́ ń gba ẹ̀mí là. Àmọ́ ìbéèrè wọn tọ̀nà, a ò sì tíì rí ìdáhùn sí i títí dòní.

Ẹ wá wo omi yẹn náà lónìí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń fa omi láti Ìjù. Ẹ gba àwọn ojúlé tó wà nínú Muṣin kọjá láàárọ̀, tàbí ẹ wọ Màkòkò, ẹ máa rí mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó lówó díẹ̀ á gbẹ́ borehole sínú ọgbà rẹ̀, ẹni tí kò ní á máa ra omi kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn òmíràn. Tẹ́ ẹ bá ṣírò iye tí ìyàwó ilé kan ní Muṣin ń ná sórí omi lóṣù, ẹ máa rí i pé owó omi tí wọ́n torí ẹ̀ jà ní 1916 kì í ṣe nǹkan kan. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ omi Àdìyàn kejì ní 2013, èyí tó yẹ kó máa pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọn ò tíì parí ẹ̀.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn o, owó ńlá ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó ń ti Àgbádó lọ sí Òyìngbò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá 2024, ó ní ibùdókọ̀ ní Muṣin, ó ní ní Yábà. Wọ́n kọ́ afárá sí àwọn ibi tí ọkọ̀ ti máa ń dúró de rélùwéè. Ti Blue Line ń dúró ní Iganmu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Súrùlérè. Ohun tí Jakande fẹ́ ṣe fún Èkó nígbà ayé ìjọba rẹ̀ nìyẹn, kí ìjọba ológun Buhari tó wọ́gi lé e ní 1985, tí Èkó sì pàdánù owó tó lé ní $78 mílíọ̀nù sórí iṣẹ́ tí kò gbé èrò kankan. Ẹni tó bá ní reluwé yìí ò wúlò, kó lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti Agége wá sí Yábà láàárọ̀.

Àmọ́ ẹ wò ó bí iṣẹ́ ńlá ṣe máa ń rí tó bá bẹ̀rẹ̀ tí kò sì parí. Pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Súrùlérè, 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 2007 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ti lè kúrò ní yunifásítì kó tó wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín afárá àti gọ́tà ni pé tí wọ́n bá kọ́ afárá tán, Ààrẹ á wá ṣí i, kámẹ́rà á wà níbẹ̀, àwọn onílù á lùlù. Ta ló ń ṣí gọ́tà? Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń to orúkọ iṣẹ́ sínú ìwé bọ́ǹdì, èyí tó ga, tó hàn síta, ló máa ń rọrùn láti tò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó ń yọ Mainland lẹ́nu, abẹ́ ilẹ̀ ló pọ̀ sí. Ilẹ̀ wa rẹlẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sí Láwànsọ́n kì í dúró ní Láwànsọ́n, ó ní láti gba Ìtirè kọjá, ó ní láti rí kánààlì tó máa gbé e dé ọ̀sà. Tí kánààlì bá dí ní àgbègbè káńsù kan, omi á ya wọlé ní káńsù kejì. Káńsù méje ló wà láàárín Súrùlérè, Muṣin àti Lagos Mainland: Súrùlérè fúnra ẹ̀, Coker-Àgùdà, Ìtirè-Ìkátẹ̀, Muṣin, Odi-Olówó/Ojúwòyè, Lagos Mainland àti Yábà. Alága káńsù kan ò lè nìkan yanjú omi tó ń gba àgbègbè ẹlòmíì wọlé.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ohun tá a nílò ni bọ́ǹdì yẹ fún. Owó tí wọ́n máa fi ọdún mẹ́wàá san, ohun tó máa pẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ ló yẹ kí wọ́n fi ṣe. Kánààlì tí wọ́n fi kọnkéré ṣe dáadáa lè lo ọgbọ̀n ọdún. Páìpù omi náà lè lò ó. Àmọ́ oògùn ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, owó oṣù nọ́ọ̀sì, dísù fún jẹnẹrétọ̀, dídí kòtò ojú ọ̀nà, ẹni tó bá fi bọ́ǹdì ṣe ìwọ̀nyẹn ti jẹ gbèsè tí ọmọ rẹ̀ máa san lórí oúnjẹ àná. Àwọn yẹn, owó káńsù ló yẹ kó ṣe wọ́n. Láti oṣù keje 2024 tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kò yẹ kí alága káńsù tún máa na ọwọ́ sí Aláùsá lórí gọ́tà kékeré iwájú ilé.

Ẹlòmíì á ní kí ló dé tí ìjọba ò kàn gbé iṣẹ́ fún aládàáni kó fi owó tiẹ̀ ṣe é. A ti rí ìyẹn náà ní Yábà. Ọjà Tẹ́júoṣó jóná ní ìparí 2007, wọ́n wó o, wọ́n fi owó aládàáni tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní 2014. Ilé náà rẹwà, kò sírọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fi owó ara ẹ̀ kọ́lé gbọ́dọ̀ rí owó ẹ̀ gbà padà, nígbà tí wọ́n dá iye owó ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni apá wọn ò ká a. Ẹ bi ara yín bóyá àwọn tó ń patẹ létí ọ̀nà Yábà títí dòní fẹ́ràn oòrùn ni. Gbèsè tí ìjọba jẹ, gbogbo ìlú ló máa pín in san. Èyí tí aládàáni jẹ, orí ẹni tó fẹ́ lo ibẹ̀ ló ń já lé. Nítorí náà, àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bọ́ǹdì ìjọba ló dáa jù fún wọn. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, kánààlì ni màá kọ́kọ́ mú, omi ló máa tẹ̀ lé e, kó tó kan afárá mìíràn.

Ó dáa, ṣé ká wá ní kí Èkó náà máa dìbò lórí bọ́ǹdì ni? Mo ti rò ó dáadáa, kò sì dá mi lójú. Ẹ wo Houston yẹn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní oṣù kọkànlá 2024, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ìjọba níbẹ̀ gbé bọ́ǹdì $4.4 bílíọ̀nù wá fún ìdìbò. Àwọn ilé ìwé nílò àtúnṣe, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Texas ti gba àkóso àjọ náà lọ́wọ́ àwọn tí ará ìlú yàn, inú ń bí àwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn alátakò sì ni pé níbi tí ìfọkàntán ò bá sí, bọ́ǹdì ò ní sí. Ará ìlú ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìjà àgbà ló pa á, àwọn ọmọ ló padà sínú kíláàsì tó nílò àtúnṣe. Ẹ fojú inú wo irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú bí inú ṣe ń bí èèyàn sí ìjọba.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ iye orí, Alímòṣọ́ nìkan á fi iye èèyàn bò wá mọ́lẹ̀. Ohun tí Alímòṣọ́ bá fẹ́ ló máa wọlé. Àmọ́ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ogún ló ní àga méjì. Alímòṣọ́ ní méjì, Muṣin ní méjì, Súrùlérè ní méjì, Lagos Mainland ní méjì. Mẹ́fà nínú 40 ni tiwa, agbára ńlá nìyẹn fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò. Ìbéèrè tó kù ni bóyá àwọn mẹ́fà yìí máa ń sọ̀rọ̀ tí lẹ́tà gbèsè bá dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, a rí bí ilé yẹn ṣe lè gbóná tó: láti January 13 tí wọ́n yọ Ọbasá nípò olórí ilé, tí Meranda bọ́ síbẹ̀, títí di oṣù kẹta tí Ọbasá padà, gbogbo Èkó ló gbọ́ nípa ẹ̀. Lórí àga ẹyọ kan nìyẹn o. Mi ò tíì gbọ́ ìdajì ariwo yẹn lórí bọ́ǹdì kankan.

Ohun tá a lè béèrè báyìí kò nílò kí wọ́n yí òfin ìlú padà. Àkọ́kọ́, kí Ilé Ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí bọ́ǹdì, kí wọ́n gbé orúkọ iṣẹ́ tí owó náà wà fún jáde ní ẹ̀kùnrẹ́rẹ́, àgbègbè sí àgbègbè, iye owó sí iye owó, ní èdè tí ìyálọ́jà lè kà. Kì í ṣe "ìdàgbàsókè ohun amáyédẹrùn". Kánààlì wo? Láti ibo dé ibo? Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa sọ ibi tí iṣẹ́ dé lọ́dọọdún tí gbèsè náà bá fi wà nílẹ̀.

Ibì kan sì wà tẹ́ ẹ ti lè sọ ọ́. Àwọn aṣòfin Èkó máa ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará àgbègbè wọn, gbogbo ogójì àgbègbè lọ́jọ́ kan náà. Tá a bá ní ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìpàdé yẹn máa ń dà bí òde àríyá: ankara ẹgbẹ́, ìkíni, ìrẹsì nínú ike, ẹni tó bá sì dìde béèrè ìbéèrè, wọ́n á ní kó ṣe kíákíá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ń ní àwọn ti gbọ́ ẹnu yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin ọlọ́jà Ládípọ̀ àti Ojúwòyè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àkókà àti Ìwáyà tí omi ń wọlé sí, tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kọ tiyín sínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ orúkọ òpópónà sí i, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á.

Nítorí ní May 29, 2027, gómìnà tó wà níbẹ̀ yìí á kúrò. Bọ́ǹdì 2020 ò ní parí títí di 2030, ti 2021 di 2031. Àwọn tó ń múra láti wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín báyìí ló máa san wọ́n, àwọn náà ló sì máa kọ lẹ́tà gbèsè tó kàn. Kó tó dìgbà yẹn, ìwé tó ní orúkọ òpópónà yín yẹn, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín tí wọ́n bá dé.